Ó ní ẹbí l'Ábíjàn, ó tún lọ háyà ilé

Bí ọmọ Èjìgbò bá ní òun ń lọ sí Àbíjàn, kò sẹ́ni tó ń bi í pé níbo ló máa dé sí. Ìbéèrè wo nìyẹn? Ó ti ju 100 ọdún lọ táwọn ará ìlú náà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣòwò lọ sí Côte d'Ivoire. Èdè Faransé kì í ṣe nǹkan àjèjì l'Éjìgbò, wọ́n sì mọ owó sẹ́fà bí wọ́n ṣe mọ náírà. Ilé mọ̀lẹ́bí ni kálukú ń dé sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin oníṣòwò aṣọ kan, ọmọ Èjìgbò, ṣe ń ṣe fún ohun tó lé lọ́dún 15. Mọ́tò á gba Kútọnú, Lomé àti Accra kọjá, á já a sí Àbíjàn, á gbé gàrí àti èlùbọ́ lọ sílé àbúrò bàbá ẹ̀ ní Treichville, á sì sùn síbi tí wọ́n bá fi hàn án. Àmọ́ ilé náà kún. Ọmọdé ń ké lóru, àlejò bàbá ò sì kí í tètè lọ. Tó bá fẹ́ẹ́ ka owó ọjà, àfi kó lọ tilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí.

Lọ́dún tó kọjá ló bá dọ́gbọ́n. Ó gba ohun táwọn ará Àbíjàn ń pè ní résidence meublée l'Ádjamé, níbi tí ariwo gbaka, ìyẹn bọ́ọ̀sì èrò wọn, kì í ti í dáwọ́ dúró. Ilé kékeré ni o: yàrá kan, pálọ̀ kan, sítóòfù gáàsì àti ìkòkò méjì. Ẹnì kan ń wá gbálẹ̀, ó sì ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. 15,000 sẹ́fà lóòjọ́, iná àti omi wà nínú ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ra àtíẹ̀kẹ́ àti ẹja díńdín lẹ́bàá títì, ó jẹ ẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ka owó ẹ̀ ní gbangba, ó sì sun oorun àsùnwọra.

Àfi bí ẹnì kan ṣe rí i lọ́jà lọ́jọ́ kẹrin. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé Treichville. Kíá ló wọkọ̀, ó gba Plateau, ó gun bíríìjì sọdá ọ̀sà, ó lọ bẹ bàbá. Bàbá ò pariwo. Ó kàn ní:

"Lọ́dún 2011 tí ìbọn ń dún nítorí ìjà Gbagbo àti Ouattara, ṣé ilé àháyà ló gbà ọ́ là, àbí ilé yìí?"

Kí ló fẹ́ẹ́ sọ? Òótọ́ ni. Nígbà tẹ́nikẹ́ni ò lè jáde, gàrí ni gbogbo wọn jọ ń mu nínú ilé náà, bàbá ló sì máa ń bu tiẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Kì í ṣe pé mo kọ ilé yín."

Bàbá ní kó dìde, àmọ́ kò wo ojú ẹ̀.

Ìyàwó bàbá ló sìn ín dé títì. Obìnrin náà ti ń múra sílẹ̀ fún ìbáwí kejì nígbà tí màmá rẹ ohùn sílẹ̀:

"Bẹ́ẹ̀dì tó o máa ń sùn yẹn, tèmi ni. Gbogbo ìgbà tó o bá dé, orí ẹní ní pálọ̀ lèmi ń sùn, eegun mi ò sì gbà á mọ́. Má jẹ́ kí bàbá ẹ gbọ́ o."

Ẹnu yà á. Gbogbo ọdún tó fi rò pé òun lòun ń fara dà á, ẹlòmíràn ń fara da tiẹ̀ lórí ẹní, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Wọn kì í kọ iye owó sára ilẹ̀kùn ilé ẹbí, ìyẹn ni kì í jẹ́ kéèyàn mọ ẹni tó ń san án.

Ní báyìí, tó bá dé Àbíjàn, Treichville ló kọ́kọ́ ń gbé ẹrù lọ. Wọ́n á jọ jẹun, á já gàrí àti èlùbọ́ sílẹ̀, á sì sọ ibi tóun gbalé sí fún bàbá. Tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, á ní òun fẹ́ẹ́ tètè jí lọ sọ́jà. Bàbá ṣì máa ń kùn díẹ̀. Màmá ní tiẹ̀ á ti wọlé lọ sùn.