Ilé Tó Ń Tẹ̀lé Ọkọ̀ Lẹ́yìn

Láti ìgbà tí a ti wọlé ní sáà yìí ni àwọn kan ti ń bi mí pé kí ni mo rí ní Amẹ́ríkà nígbà ọlidé gígùn. Ẹlòmíì ń retí kí n ròyìn ilé gogoro. Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀. Táyà 4 ló ní, ọkọ̀ ló sì ń fà á.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni mo wà, ní ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas. Dádì Kékeré ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Bí àwọn ọmọ wọn 3 bá ti ń jí láàárọ̀, ìgbà yẹn ni Dádì Kékeré ń lọ sùn. Bí àwọn ọmọ bá ń múra àtisùn, bàbá wọn ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti lo oṣù 5 lọ́dọ̀ wọn, oṣù kan péré ló sì kù kí wọ́n padà sílé. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà ní, “Ọmọ ni mo wá wò, oorun ọmọ ni mò ń wò.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé Dádì Kékeré dìde. Wọ́n gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 2 níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwa 7 la wà nílé, owó hòtẹ́ẹ̀lì èèyàn 7 kì í ṣe kékeré, Ìyá Àgbà kò sì fẹ́ jẹ oúnjẹ tí wọn kò mọ ẹni tó sè é. Ni wọ́n bá ra ilé alágbèéká àlòkù kan. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ilé ìdáná wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Fifth wheel ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ẹṣin ló ń fa kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ 4 ló ń yí nílẹ̀, irin roboto kan sì wà tí wọ́n tẹ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú kó lè ráyè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Irin yẹn ni wọ́n kà sí ẹsẹ̀ karùn-ún. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ẹ má rò pé ohun àjèjì ni o. Tírélà tó ń gbé kòǹténà ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, irú ìdè yẹn náà ló so orí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ilé yìí kì í so mọ́ ìdí ọkọ̀ bíi ti àwọn tó kù. Àárín ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù gan-an, níbi tí èèyàn máa ń kó ẹrù sí, ló máa ń gbé orí lé.

Kí wọ́n tó san owó, a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀tá àkọ́kọ́ fún irú ilé yìí ni omi, torí pákó ló pọ̀ jù nínú ògiri àti ilẹ̀ rẹ̀. Dádì Kékeré ní ká bọ́ bàtà, ká máa fi ẹsẹ̀ tẹ gbogbo igun ilé. A ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, a fimú gbóòórùn ibẹ̀ bóyá ó ń hu. Wọ́n gun orí òrùlé lọ wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí i. Lábẹ́ fèrèsé iwájú, ilẹ̀ rọ̀ bíi fùfú lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Òjò ti ń wọlé níbẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó ń tà á yọ nínú owó náà, wọ́n sì tún ibẹ̀ ṣe kí a tó lọ síbì kankan.

Ọ̀rọ̀ táyà ló kàn. Ẹni náà ní tuntun ni, pé kò tíì rìn rárá. Ní ti ojú, ó dán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà 4 wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, ní ìparí àwọn lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. 2 àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, 2 tó gbẹ̀yìn ni ọdún. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni 2114. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kọkànlélógún ọdún 2014 ni wọ́n ti ṣe é. Táyà ọlọ́dún 10! Rọ́bà máa ń gbó bó tilẹ̀ wà lójú kan; oòrùn ń sá a, ó ń sán wẹ́wẹ́. Dádì Kékeré pààrọ̀ gbogbo 4.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ di ìjà wá ni ẹrù. Ọjọ́ Sátidé la fẹ́ gbéra. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà píkọ́ọ̀pù, ó ka bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ibẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àpapọ̀ èèyàn àti ẹrù inú ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ju 1,100 kílò lọ. Ló bá mú bírò. Bí ilé náà bá kún dé ibi tí wọ́n fàyè gbà, 4,500 kílò ni. Nǹkan bí ìdá kan nínú 5 ló máa ń wọ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Ìyẹn 900. Irin ìdè tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀, 70. Èèyàn 5 tó fẹ́ wọ ibẹ̀, 330. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,300. Ó ti fi 200 kílò kọjá.

Dádì Kékeré binú. Wọ́n ní ẹni tó ta píkọ́ọ̀pù fún àwọn sọ pé ó lè fa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ó lè fà á. Ṣùgbọ́n fífà yàtọ̀ sí gbígbé. Ẹ wo ẹni tó ń ti ọmọláńkẹ́ lọ́jà: ó lè ti àpò ìrẹsì 8, ṣé ó lè ru 8 sórí ni? Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn ọkọ̀, sípíríǹgì á tẹ̀, táyà á gbóná, bíréèkì á pẹ́ kó tó mú. Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá Àgbà kàn ní, “Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.” Dádì Kékeré jókòó, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n tún ìṣirò náà ṣe fúnra wọn.

Báyìí la ṣe tò ó. Lítà omi kan, kílò kan ni, nítorí náà a kò pọn omi sínú táǹkì ilé náà; ibi tí à ń lọ ní omi ẹ̀rọ. A kó idajì ẹrù sílẹ̀. Dádì Kékeré àti Ìyá Àgbà nìkan ló wọ píkọ́ọ̀pù. Èmi àti àwọn ọmọ 3 wọ mọ́tò kékeré tí ìyàwó Dádì Kékeré wà. Kí ọjọ́ tó pé, wọ́n wọn píkọ́ọ̀pù nìkan lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onítírélà ń lò, wọ́n tún wọn ọ́n pẹ̀lú ilé náà lẹ́yìn rẹ̀. 780 kílò ló wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Pẹ̀lú irin àti èèyàn 2, ó jẹ́ 1,000 géérégé.

Ọjọ́ 2 la fi kọ́ṣẹ́ nínú ọgbà ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, nígbà tí kò sí ìsìn. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé, ó ń kà á bíi kọ̀ndọ́, bàbá rẹ̀ ń ṣe é: fi òkúta dí táyà ilé, ṣí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi há, ti ìdè náà pa, so wáyà iná, so okùn tó máa fa bíréèkì ilé bí ìdè bá já, rọra fa ọkọ̀ síwájú wò bóyá ó mú, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o tó ká ẹsẹ̀ ilé sókè. Kò sí èyí tí wọ́n fò.

Huntsville State Park la lọ, nǹkan bí 100 kìlómítà sí Houston, torí ìrìn àkọ́kọ́ kì í jìnnà. Igi páìnì ló yí adágún omi rẹ̀ ká, àkọlé sì wà níbẹ̀ tó ń kìlọ̀ pé ọ̀nì wà nínú omi. Ìyá Àgbà ro àmàlà lórí sítóòfù gáàsì. Nígbà tí wọ́n din ata, ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn èéfín ké tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi wá kí wa, òun náà sì jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Ìyá Àgbà ń sọ títí wọ́n fi wọ bàlúù kì í ṣe ti adágún omi. Wákàtí kan àbọ̀ tí àwọn àti ọmọ wọn fi jókòó nínú píkọ́ọ̀pù, àwọn 2 péré, tí wọ́n sọ̀rọ̀ lálọ lábọ̀, ni wọ́n ń sọ. Bí kì í bá ṣe ti 200 kílò yẹn, àwa ọmọ ì bá ti fi ariwo gba gbogbo rẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Èyí tó kàn wá níbí ni pé nọ́ḿbà 4 yẹn wà lára táyà tí à ń tà ní Nàìjíríà náà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì ti ń kìlọ̀ nípa táyà tó ti lọ́jọ́ lórí. Táyà tòkunbọ̀ lè dán lójú bíi ti ẹni tó ta ilé fún Dádì Kékeré. Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ kọ nọ́ḿbà náà sílẹ̀, ẹ mú un wá sí ìpàdé Press Club lọ́jọ́bọ̀. A ó kà á pa pọ̀.