Láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu dé Adó: Ìrìnàjò Iṣu Tuntun Pẹ̀lú Gíà Ọtomátíìkì

Iṣu tuntun kò gba ìyà rárá. Èèpo rẹ̀ kò tíì gbó. Bí ó bá fara gbá irin pẹ́nrẹ́n, ó ti bó nìyẹn, ojú ibi tó bó yóò sì dúdú kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Oníbàárà tó bá rí irú rẹ̀ lọ́jà kò ní bèèrè ẹ̀ẹ̀mejì kó tó já owó rẹ̀ wálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń kó iṣu láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ sí Adó-Èkìtì lóṣù kẹjọ gbọ́dọ̀ mọ bí ọkọ̀ òun ṣe ń gbéra. Eré sísá kọ́ ni mò ń wí o. Bí ọkọ̀ ṣe ń kúrò lórí ìdúró, bí ó ṣe ń pààrọ̀ gíà nígbà tó bá ń gun òkè, ibẹ̀ ni èrè tàbí àdánù oníṣu wà.

Píkọ́ọ̀pù mi ni a gbé jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, Toyota Tacoma 1997, ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.4, gíà ọtomátíìkì. Tọ́kùnbọ̀ ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti lò ó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A fi koríko gbígbẹ tẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, a to iṣu sí i, a ta tapólì lé e lórí. Ìyá oníṣu tó ni ẹrù jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ò tíì kúrò nínú ìlú tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀. Mo tẹ iná, gíà kìíní gbé wa dáadáa. Bí ó ṣe fẹ́ bọ́ sí èkejì, ó ta gìdì, orí wa fì síwájú fì sẹ́yìn, a sì gbọ́ bí iṣu ṣe ń lu ara wọn lẹ́yìn.

Ìyá wo ojú mi. Ó ní, “Ọmọ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iṣu ni mo kó, mi ò kó òkúta.”

Ẹni tó mọ ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu lọ sí Ìlúpéjú mọ̀ pé títì náà ń gòkè, ó sì ń sọ̀. Níbi tó bá tẹ́jú, tí gíà ti wọlé tán, ọkọ̀ náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí mo bá dẹ̀ ẹ́ fún ihò, tí mo sì tún tẹ iná padà, ni yóò tún ta. Nígbà tí a dé Ọ̀yẹ́, mo yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lẹ́bàá títì. Ó wa ọkọ̀ náà síwájú díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní: “Ọ̀gá, gíàbọ́ọ̀sì yín ti kú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, gíàbọ́ọ̀sì àlòkù òkè òkun, láti ọjà Ládípọ̀ l’Ékòó, tàbí kí a kúkú sọ ọ́ di mánúà.” Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ.

Ìfàkì ni ọ̀nà Ọ̀yẹ́, ọ̀nà Ìdó àti ọ̀nà Adó ti pàdé, kò sì sí irú ọkọ̀ tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti júwe bàbá kan fún wa, ẹni tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe láti ayé Píjò 404. Mo kí i, mo sì ro ẹjọ́ ọkọ̀ mi. Bí mo ṣe fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́wọ́ sókè.

“Má pa á. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì la máa ń pa ọkọ̀ kí a tó wọ̀n, ti gíà ọtomátíìkì kọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàyè.”

Ó ní kí n gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí n sì fa ọ̀pá gíà láti P lọ sí R, sí N, sí D, sí 2, dé L, kí n máa dúró díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí n tó dá a padà sí P. Ó fa géèjì gíà yọ, ó fi aṣọ funfun nù ún, ó tì í bọ ibẹ̀, ó tún fà á yọ. Ọ́ìlì náà kò dé ìlà tí wọ́n kọ HOT sí. Bàbá fi ìka méjì ra á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó na aṣọ náà sí mi.

“Wò ó. Bó bá dúdú, tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, àwo inú gíàbọ́ọ̀sì ti jó nìyẹn. Bó bá ní funfun nínú, omi rádíétọ̀ ti wọ̀ ọ́. Èyí pupa síbẹ̀, kò rùn, kò sì ní yanrìn. Gíà rẹ kò kú. Ebi ló ń pa á.”

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló yẹ kí gbogbo onípíkọ́ọ̀pù gbọ́. Ọkọ̀ ọtomátíìkì kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ́ìlì ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ wa. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíàbọ́ọ̀sì ni torque converter wà. Bí a bá gbé fáànù méjì kọjú síra, tí a tan ọ̀kan, atẹ́gùn rẹ̀ yóò máa yí èkejì. Iṣẹ́ tí atẹ́gùn ń ṣe yẹn ni ọ́ìlì ń ṣe níbẹ̀. Hermann Föttinger, ẹnjiníà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1905, ọkọ̀ ojú omi ló sì rò ó fún. Ní 1939, General Motors gbé gíà ọtomátíìkì Hydra-Matic jáde fún ọkọ̀ Oldsmobile ọdún 1940. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fi Hydra-Matic sínú ọkọ̀ ogun M5 Stuart. Ohun tó gbé irin ogun lórí ilẹ̀ gbágungbàgun kò ní ṣàìlè gbé iṣu Èkìtì, bí a bá fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ọ́ìlì kan náà ni pọ́ǹpù inú gíàbọ́ọ̀sì ń tì lọ síbi àwọn àwo tó ń di gíà kọ̀ọ̀kan mú. Bó bá dín, pọ́ǹpù yóò máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, agbára rẹ̀ yóò sì lọọlẹ̀. Àwọn àwo kò ní tètè di ara wọn mú: ẹ́ńjìnnì yóò ké, ọkọ̀ kò ní lọ, lẹ́yìn náà ni yóò gbá a mú lójijì. Bí ọ́ìlì bá sì pọ̀ jù, irin tó ń yí nínú rẹ̀ yóò lù ú di ìfófòó, wàhálà kan náà ni yóò sì dá sílẹ̀. Ọ́ìlì Dexron III ni ìwé ọkọ̀ tèmi pè fún. Bàbá ní kí n ra èyí tí wọn kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀, ó ń dà á díẹ̀díẹ̀ láti ojú ihò géèjì, ó ń wọ̀n ọ́n, títí ó fi dé ìlà.

A gùn ún wò. Kíké ẹ́ńjìnnì ti lọ, ṣùgbọ́n gíà ṣì ń gbá wọlé. Ìgbà yìí ni bàbá wá pa ẹ́ńjìnnì, tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi kébù tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí, tó ti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú gíàbọ́ọ̀sì. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé kó fi ẹsẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, kó má gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Kókó irin kékeré kan wà lára kébù náà. Nígbà tí iná bá wà nílẹ̀ pátápátá, àlàfo tó yẹ kó wà láàárín kókó yẹn àti ẹnu rọ́bà tó bo kébù kò gbọdọ̀ ju mílímítà 1 lọ. Bó bá jẹ́ òdo gan-an, ó dára. Ti ọkọ̀ mi yọ jáde tó ìbú èékánná. Bàbá fi ìka kan nọ́ọ̀tì méjì tó di kébù náà mú. Ojú sípánà ṣì ń dán lára wọn.

Ó ní, “Ẹnì kan ti fún kébù yìí. Ọ́ìlì dín, gíà ń yọ̀, kàkà kó wọn ọ́ìlì, ó fún kébù kí agbára ọ́ìlì lè ga. Yíyọ̀ dúró, gbígbá bẹ̀rẹ̀.”

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Kébù yìí ló ń sọ fún gíàbọ́ọ̀sì bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe wúwo tó. Bó bá le jù, gíàbọ́ọ̀sì yóò rò pé a ń sáré kódà nígbà tí a rọra tẹ̀ ẹ́, yóò sì fi agbára wọ gíà. Bó bá dẹ̀ jù, àwọn àwo yóò máa yọ̀, wọn yóò sì jó nígbẹ̀yìn. Bàbá tú nọ́ọ̀tì kan, ó fún èkejì, ó wọ̀n ọ́n títí kókó fi fẹnu kan rọ́bà. Sípánà kan àti ọ́ìlì nìkan ló gbà.

Láti Ìfàkì dé Ìwọ́rọ̀kò, mo ń tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Nínú gíà yìí, ìṣírò gíà kìíní jẹ́ 2.80, èkejì 1.53, ẹ̀kẹta 1.00, ẹ̀kẹrin kò tó ọ̀kan. Ẹ rí i pé àárín kìíní sí èkejì ló jìn jù. Ìdí nìyẹn tí gbígbá fi ń pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Mo ń rọra tẹ iná, bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ bọ́ sí èkejì, mo dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, gíà sì wọlé láìsí ariwo. Nígbà tí a kọjá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Ìyá ti sùn lọ. A já iṣu sílẹ̀ ní Ọjà Bísí ní Adó, Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó bó kò pọ̀. Ìṣáájú ọ̀nà, kí a tó dé Ìfàkì, ló ba ìwọ̀nyẹn jẹ́.

Bí a ṣe ń padà, a ru ẹrù ọjà tí Ìyá rà, mo sì tẹ bọ́tìnnì O/D kí gíà kẹrin má baà wọlé nígbà tí a bá ń gun òkè. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ yóò máa bọ́ sí ẹ̀kẹrin, yóò tún jábọ́ sí ẹ̀kẹta, yóò sì máa mú ọ́ìlì gbóná lásán. Ooru sì ni ọ̀tá gíà ọtomátíìkì. Tí a bá ń sọ̀, mo gbé e sí 2. N kò gbé e sí N lórí ìsọ̀kalẹ̀, n kò sì ti D bọ́ sí R láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró ṣinṣin.

Àwọn awakọ̀ tó fi Píjò kó oúnjẹ wa lọ sọ́jà láyé ọjọ́un mọ kílọ́ọ̀ṣì wọn dójú àmì. Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwa onígíà ọtomátíìkì náà ní nípa ọ́ìlì wa. Tacoma tó jáde láti 2005 kò tilẹ̀ ní géèjì gíà mọ́, ọ́ìlì WS ló ń lò, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni a ti ń wọ̀n ọ́n, kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe iṣẹ́ kébù. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní 2011, ní ọgbà ní Ìkòlé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹnjiníà, kò sì jìnnà sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ṣí ẹ̀kọ́ kúkúrú sílẹ̀ fún àwọn mẹkáníìkì Ìkòlé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ní èdè Yorùbá, lórí ọkọ̀ gidi.

Ẹ̀yin onípíkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹrù oko, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tú gíàbọ́ọ̀sì yín tàbí kó tà yín ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò lójú yín, kí ẹ̀yin náà sì rí àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀.