Ìwọ̀n Afẹ́fẹ́ Lójú Ọ̀nà Òkukù

Ọ̀nà tó gbé mi láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun, tó yà sí Èkó Ende, tó sì tún gba Ìnísà lọ sí Òkukù, kò jìn. Bíi ti ọ̀pọ̀ ọ̀nà wa, ẹ̀bá rẹ̀ ò ṣaláìní ààtàn tí wọ́n ti iná bọ̀. Ohun tí mo ń gbé yẹ̀wò bí ọkọ̀ ti ń lọ ni èrò kan tó ti pẹ́ láàárín wa: pé iná tó wà ní gbangba ò lè ṣaláìrí afẹ́fẹ́ tó, pé ńṣe ni ìléru pàǹtí máa ń há iná mọ́. Òdìkejì rẹ̀ lèmi rí. Afẹ́fẹ́ tí a ò wọ̀n, tí kò sì dàpọ̀ mọ́ ohun tó ń jó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò fún iná.

Nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Kì í bá wọn jó, síbẹ̀ ó ń gba ooru. Ẹ wá wo inú ààtàn. Kí kílò bébà gbígbẹ kan tó jó tán, yóò gba nǹkan bíi kílò 5 afẹ́fẹ́. Kílò ọ̀rá píọ́wọ́tà kan á gbà tó kílò 15. Ibi tí ọ̀rá bá dì jọ sí, ẹ̀fúùfù ò ráyè wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni èéfín dúdú ti ń yọ. Lápá kejì òkìtì kan náà, afẹ́fẹ́ pọ̀ débi pé ó ń pa ooru iná. Alágbẹ̀dẹ ò fi èédú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀fúùfù, ẹwìrì ló fi ń darí rẹ̀.

Nínú ìléru, ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú ọ̀pá èéfín là ń wọ̀n. A ó yọ ọ́ kúrò nínú 21, a ó fi èsì náà pín in, a ó wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bó bá ku 7, afẹ́fẹ́ tí a fún iná fi ìdá 50 nínú 100 lé ní ohun tó nílò. Bó bá ku 11, ó fi 110 lé. Ẹnìkan lè ní ìfiṣòfò nìyẹn, kí a fún iná ní èyí tó tó gẹ́lẹ́. Ì bá rọrùn bí pàǹtí bá jẹ́ gáàsì. Èèpo iṣu tutù ló ń wọlé báyìí, ọ̀rá ni yóò tẹ̀ lé e. Bí a ò bá fi àlékún sílẹ̀, ọ̀rá á jó kù. Síbẹ̀ àlékún náà ní ààlà, torí òfin Yúróòpù ní kí gáàsì iná wà ní ìwọ̀n Celsius 850 fún ìṣẹ́jú àáyá 2 ó kéré tán. Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni pé pàǹtí wa tutù. Òótọ́ ni: láti mú omi híhó gbẹ tán, ooru tí yóò ná ún tó ìlọ́po 7 èyí tó fi mú un hó. Mo gbà, èèpo kì í ṣe ti ìléru. Ewúrẹ́ àti oko ló ni ín.

Ibi tó yẹ kí ará ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn ti lajú dáadáa ni ẹnu oníṣòwò ìléru tó bá ní kí wọ́n wo èéfín òun bó ti mọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé lẹ́nu ilẹ̀kùn lè là á. Ìdọ̀tí tó jẹ́ 100 nígbà tí ọ́síjìn jẹ́ 16 yóò di 200 tí a bá dá a padà sí 11 tí Yúróòpù fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ìṣirò jíjó-tán ò gba irú àbùlà bẹ́ẹ̀. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ni a ó fi àpapọ̀ òun àti kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì pín. Afẹ́fẹ́ tó bá là wọ́n á la méjèèjì bákan náà, èsì ò ní yí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìdá 10 nínú 100, tí ìkejì jẹ́ 0.01, iná jó dé 99.9.

Omi Ọ̀tìn tí ìsédò Èkó Ende ń gbà dúró ni àwọn ìlú wọ̀nyí ń mu, eérú ààtàn sì máa ń bá ọ̀gbàrá lọ sódò. Àdéhùn Stockholm ti 2001 ka ìléru pàǹtí àti iná gbangba pọ̀ mọ́ orísun májèlé dioxin, nítorí náà ríra ìléru nìkan ò tíì yanjú nǹkan kan. Wọ́n á ní mítà wọ́n fún ìjọba ìbílẹ̀. Ìléru tí owó mítà rẹ̀ kò sí, ẹ má rà á. Kí ìwé àdéhùn kọ mítà ọ́síjìn àti ti kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì sílẹ̀, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣirò àlékún afẹ́fẹ́ àti ti jíjó-tán mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì Ìkìrun àti ti Òkukù lóṣooṣù, níbi tí ẹni tó bá ń kọjá ti lè kà á.