Ìtàn Kan, Òpin Méjì

Ní ọdún 2001, Hiromu Arakawa, obìnrin ayàwòrán ilẹ̀ Japan, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtàn aláwòrán kan jáde lóṣooṣù. Fullmetal Alchemist ni orúkọ rẹ̀. Ó sọ nípa Edward àti àbúrò rẹ̀, Alphonse, tí wọ́n fẹ́ jí ìyá wọn dìde. Ní ọdún 2003, a sọ ọ́ di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n eré ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yára ju ìwé olóṣooṣù lọ. Ìtàn kò tíì parí lọ́wọ́ Arakawa tí àwọn eléré fi hun òpin tiwọn: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pínyà. Nínú ìwé, tí ó parí ní ọdún 2010, àwọn méjèèjì jọ padà sílé ni. Nítorí náà, kí ẹni tí ó wo eré má ṣe wí pé òun ti ka ìwé.