Òkúta Funfun ní Erékùṣù Oníná

Ìyàwó ilé tí ó bá sẹ́ ògì ní alẹ́ kì í jókòó tì í. Bí ilẹ̀ bá mọ́, omi ti tòrò lókè, ògì sì ti sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti òkun: ohun gbogbo tí odò àti ẹ̀fúùfù bá gbé wọ inú rẹ̀ a máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀, ìpele lórí ìpele, títí yóò fi le di òkúta. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí bí a bá rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní erékùṣù tí ó ti inú iná jáde?

Santiago ni erékùṣù náà, ọ̀kan nínú erékùṣù 10 ti Cape Verde, tí ó wà nínú òkun ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Senegal. Òkè oníná ni ó bí gbogbo wọn. Ní Fogo, aládùúgbò rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Iná, iná kò tíì kú: ní oṣù November 2014 òkè ibẹ̀ la ẹnu, òkúta yíyọ́ ṣàn bí odò, ó sì bo ilé àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù January 1832, ọkọ̀ òkun Beagle dé èbúté Praia ní Santiago. Charles Darwin, ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì ẹni ọdún 22, wà nínú rẹ̀. Ó rí ọ̀já funfun kan tí ó lọ gbọọrọ lára ògiri òkúta létí òkun, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 45 sókè omi. Nígbà tí ó súnmọ́ ọn, ó rí ìkarahun ẹran òkun nínú rẹ̀, irú èyí tí ó ṣì ń gbé ní etíkun náà. Òkúta oníná wà lábẹ́ rẹ̀. Òkúta oníná sì tún bò ó lórí.

Ìtàn náà hàn bí ìwé tí a ṣí sílẹ̀. Iná kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ìkarahun kó jọ lórí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun. Òkúta yíyọ́ tún ṣàn wọ inú omi, ó sì bò wọ́n. Níkẹyìn ilẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Nígbà ogbó rẹ̀, Darwin wí pé níbẹ̀ ni èrò àtikọ ìwé nípa òkúta ti kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn.

Ohun tí ó pọ̀ jù nínú òkúta funfun náà ni ohun kan náà tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin: bí a bá kán ọtí kíkan sí i, a máa hó. Ègé òkúta oníná dàpọ̀ mọ́ ọn. Níbi tí òkúta yíyọ́ ti fọwọ́ kàn án, ooru yí i padà: apá kan ń tàn wínníwínní, apá kan sì di onítótòtó.

Iṣẹ́ yìí kò tíì parí. Iyanrìn dúdú etíkun Santiago lè di òkúta lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin tálákà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dá tọ́ ọmọ, ti ń fi garawa rù ú lórí láti tà fún àwọn tí ń kọ́lé. Òfin kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ebi kì í gbọ́ òfin. Etíkun mìíràn ti di òkúta lásán, omi iyọ̀ sì ń wọ ilẹ̀ oko.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yára dá ìyá bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹkún ọmọ ni ó ń gbọ́, kò sì sí ẹni tí ó fi iṣẹ́ mìíràn lé e lọ́wọ́. Síbẹ̀, ohun tí Ẹlẹ́dàá fi sùúrù kó jọ láti ìgbà láéláé, ìran kan ṣoṣo lè fi garawa kó o tán. Àwa náà ń ra iyanrìn kọ́lé. Ìgbà mìíràn tí ọkọ̀ bá da òkìtì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ibi tí ó ti wá, àti ẹni tí ó rù ú.