Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Ṣe?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ló tó yé mi.

Àwa márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa pinnu láti ṣe áàpù tí àwọn oníṣòwò yóò máa fi kọ àwìn sílẹ̀. Ìyá mi ló mú èrò náà wá sí mi lọ́kàn. Èlò ọbẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́jà, inú ìwé kan ni wọ́n sì máa ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sí. Lọ́jọ́ kan, òjò pa ìwé náà, ọ̀pọ̀ owó sì bá a lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la ní kí a tó fi iṣẹ́ wa han àwọn olùkọ́ àti òbí. Nígbà tí a ka ohun tí a fẹ́ kí áàpù náà ṣe, ó jẹ́ 23. Gbogbo rẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni èmi fi ń ya àwòrán sí i, tí mo ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ibi tí àwọn oníbàárà yóò ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, áàpù wa rẹwà, ṣùgbọ́n kò lè ro ₦2,000 pọ̀ mọ́ ₦500. Ìyá mi wà níbẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Nígbà ìsinmi, mo ròyìn fún bùọ̀dá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Yaba, l'Ékòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ohun tó ṣe wá ti ṣe àwọn àgbà rí. Wọ́n sọ fún mi pé ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn 17 tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah, l'Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ìlànà tí a mọ̀ sí Agile Manifesto: kí á máa ṣe iṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, kí á tètè gbé e fún ẹni tí yóò lò ó, kí á sì máa tún un ṣe bí onítọ̀hún bá ṣe sọ. Ní iléeṣẹ́ bùọ̀dá mi, inú àkọsílẹ̀ kan ni gbogbo iṣẹ́ wà, èyí tó ṣe kókó jù ló sì máa ń wà lókè. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ìwọ̀nba tí agbára àwọn òṣìṣẹ́ ká ni wọ́n ń mú láti òkè. Kí iṣẹ́ kan tó gòkè, wọ́n á béèrè pé: Ta ni yóò ṣe láǹfààní? Kí ni yóò bàjẹ́ bí kò bá sí? Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà?

Mo padà lọ bá ìyá mi. "Màámi, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni áàpù yìí lè ṣe, kí lẹ fẹ́?"

Wọn ò tilẹ̀ ronú. "Kó sọ ẹni tó jẹ mí lówó fún mi, àti iye tó kù, kódà bí kò bá sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì."

Mẹ́rin péré la mú nínú 23. Kò rọrùn. Ọ̀rẹ́ mi bínú nígbà tí a yọ tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tó rí i pé mo fi ọwọ́ ara mi gbé àwòrán mi lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá ló tó padà wá.

Áàpù wa kò rẹwà mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá mi fi kọ àwìn. Wọ́n ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú o. Wọ́n ní àwọn ń wo ìwà rẹ̀ ná.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ohun 19 tí a fi sílẹ̀ yẹn dára. Àsìkò wọn ni kò tíì tó.