Kẹ̀kẹ́ Tó Ti Òkun Bọ̀ sí Kirikírí

Kẹ̀kẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe Márúwá o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè, tó ní sípíríǹgì níwájú, tó tún ní òmíràn lábẹ́ ìjókòó. Ọjọ́ orí rẹ̀ á ti tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Kirikírí la ti rí i, láàárín fíríìjì àloku àti mátírẹ́ẹ̀sì, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù inú kọ̀nténà. ₦30,000 ló pè é. A ná an títí, a san ₦22,000.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwa tí à ń wí. Kóòdù ni ẹ̀gbọ́n ń kọ jẹun, nínú ilé. Àbúrò ń bá àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté Tin Can ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ọdún 1977 ni wọ́n ṣí èbúté yẹn, lẹ́yìn tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ti dí etíkun Èkó pa lọ́dún 1975. Ọkọ̀ ojú omi kúrò lójú omi tán, tírélà wá gba títì. Láti June 1, 2022 tí ìjọba Èkó ti ní òun ò fẹ́ rí ọ̀kadà mọ́ ní Àpápá, ẹsẹ̀ ni àbúrò fi ń rìn láàárín tírélà lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dì. Ohun tó mú wa ra kẹ̀kẹ́ nìyẹn. Ẹ má rò pé fàájì ni.

Àmọ́ ká sòótọ́, fàájì náà wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti ń kọ kóòdù pẹ́ á mọ ìfẹ́ tí èèyàn máa ń ní sí nǹkan àtijọ́ tí kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ mọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. A rí i pé irú kẹ̀kẹ́ yìí gan-an, ara àloku ló ti jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan nítòsí Fairfax ní Kalifọ́níà bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Repack. Wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́, àwọn tí wọ́n ti ṣe láti bí ọdún 1930 sí 1940, wọ́n á já wálẹ̀ láti orí òkè. Bíréèkì á gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ á jó dànù, wọ́n á sì ní láti ki òmíràn sí i. Ibẹ̀ ni orúkọ Repack ti wá. Nígbà tó fi máa di 1996, eré náà ti wọ Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni oníkálukú ń wá ọ̀nà tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ò fi ní máa mì nígbà tí èèyàn bá ń tẹ pẹ́dà. Ọmọ Austria kan, Horst Leitner, rí ọgbọ́n kan dá sí i. Specialized ra ẹ̀tọ́ ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1998.

Tiwa, orúkọ ẹni tó ṣe é ti pa rẹ́. Nọ́ńbà 6061 nìkan ló kù lára férémù, ìyẹn irú àlùmíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é.

Fọ́ọ̀kì iwájú la kọ́kọ́ tú. Kì í ṣe irin ló wà nínú rẹ̀, rọ́bà oníhò wínníwínní ni, ó sì ti di nǹkan bí ẹ̀kọ tó bàjẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n ló rántí pé irú rọ́bà kan náà ni wọ́n ń fi sí orí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì mọ́tò kí ó má baà gbá ara wọn. A lọ sí Ládípọ̀, a ra mẹ́rin lára tòkunbọ̀, a fi ọ̀bẹ gé e, a fi sáńpépà yí i títí ó fi wọlé. Bọ́ọ̀ṣì tó ti jẹ, baba kan tó ní ẹ̀rọ ní Ajégúnlẹ̀, lápá Boundary, fi bàbà gbẹ́ tuntun fún wa. Ó wo kẹ̀kẹ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé orí òkè wà ní Kirikírí ni?"

Apá ẹ̀yìn la fọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí ẹrẹ̀ kúrò, a rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun, nítòsí ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ ọn. Àbúrò ní ọ̀dà ló sán. A fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò, a da kẹrosíìnì sí i, a nù ún gbẹ, a wá fọ́n pàùdà lé e. Ọgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ ni, òróró àti ẹfun. Láìpẹ́, kẹrosíìnì tó ti sá pamọ́ sínú irin jáde wá, ó ya ìlà rẹ̀ sórí pàùdà. Irin ló sán.

Wẹ́dà ò rí nǹkan bàbàrà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rí i. Iná ni wọ́n fi mú 6061 le: wọ́n á yan án dé bíi 530°C, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á tún fi í sínú ààrò tó tutù jùyẹn lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Tí wẹ́dà bá ti fi iná kàn án, ẹ̀gbẹ́ ojú iná á rọ̀ padà. Ààrò wo ló wà ládùúgbò wa tó lè gba apá kẹ̀kẹ́?

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti di gbẹgẹdẹ.

"Brọ̀dá, ẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé mo fẹ́ gun òkè. Tin Can ni mò ń lọ."

"Ní Tin Can, tírélà ló wà lẹ́yìn ẹ. Tó bá já lójijì ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ tí mo fi ń rìn láàárín tírélà ńkọ́? Ẹ ò ṣe test fún ìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ẹ̀gbọ́n lára. Lọ́dún 2015, kọ̀nténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà, ó pa èèyàn mẹ́ta. Wọn ò gun kẹ̀kẹ́ tó sán.

A rí wẹ́dà tó ń lo gáàsì argon. Ó jó o, ó tún fi pátákó àlùmíníọ̀mù kékeré bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. A di àpò sìmẹ́ńtì méjì rù ú, 100 kilo, ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Inú àbúrò dùn. Ẹ̀gbọ́n rántí Dijkstra, tó sọ pé àyẹ̀wò lè fi hàn pé àṣìṣe wà nínú kóòdù, kò lè fi hàn láé pé kò sí. Sìmẹ́ńtì tó dúró jẹ́ẹ́ kì í ṣe kòtò ẹgbẹ̀rún kan. Kòtò ní ń pa àlùmíníọ̀mù, díẹ̀díẹ̀.

Àdéhùn tí a bá dé ni pé kó máa gba inú Olódì Àpápá, kó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì kí títì ńlá tó bẹ̀rẹ̀, kó sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ìrìn wákàtí kan ti di ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrẹsì, a máa ń dojú kẹ̀kẹ́ dé, a ó da kẹrosíìnì sí i, a ó fọ́n pàùdà. Ìyá wa ti fi ìbínú ra pàùdà mìíràn fún ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rèé, pàùdà ò fi nǹkan kan hàn. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, àbúrò ní ṣé òun lè gùn ún dé Tin Can báyìí. Ẹ̀gbọ́n ṣì ń nu ọwọ́. Kò tíì fèsì.